Bí Ọkọ̀ Jaguar XK Ṣe Gbèrú

Nígbà tí a bá rí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó gbayì, ó máa ń rọrùn fún wa láti rò pé ẹni tí ó ṣe é ti mọ ibi tí òun ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọdún 1948, ilé-iṣẹ́ Jaguar ní ìlú Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọkọ̀ ìsáré kan jáde tí a sọ ní XK120. Ọkọ̀ oníjòókòó méjì ni, tí a ṣe fún eré àti fáàjì, kì í ṣe fún ẹrù tàbí fún ẹbí. Àwọn tí ó ṣe é kò ní in lọ́kàn láti fi í jẹun. Ẹ́ńjìnì inú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi han aráyé. Ọkọ̀ náà dà bí àwo tí a fi gbé ọbẹ̀ wá síwájú àlejò. Ṣùgbọ́n àlejò rí àwo, ó ní òun yóò rà á.

Ọ̀gbẹ́ni William Lyons ni olórí ilé-iṣẹ́ náà. Ìlú Blackpool ni a ti bí i ní ọdún 1901. Ní ọdún 1922, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, William Walmsley, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjókòó oní-táyà kan tí a ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sí orí ṣíṣe ara ọkọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń ṣe odindi ọkọ̀, wọ́n sì ń pè é ní SS. Nígbà tí ó di ọdún 1945, orúkọ yìí kò ṣe é dá mọ́ fún ọkọ̀ títà, nítorí pé òun náà ni àwọn ọmọ ogun Hitler tí wọ́n rorò jù lọ ń jẹ́. Lyons bá mú orúkọ tí wọ́n ti fún díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọn láti ọdún 1935, ó fi sọ gbogbo ilé-iṣẹ́: Jaguar, ẹranko kan ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù tí ó fi ara jọ àmọ̀tẹ́kùn.

Inú ogun ni a ti lóyún ẹ́ńjìnì tí mo ń wí. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1940, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì da bọ́ǹbù bo Coventry. Àárín ìlú jóná, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà sì jóná pẹ̀lú. Ní àkókò ogun náà, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa pín ara wọn ṣọ́ ilé-iṣẹ́ lóru, kí wọ́n lè tètè pa iná tí bọ́ǹbù bá dá. Lyons ṣètò rẹ̀ kí òun àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, William Heynes, Walter Hassan àti Claude Baily, lè máa ṣọ́nà papọ̀. Ẹ fojú inú wo àwọn ọkùnrin mẹ́rin nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run bóyá ikú ń bọ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì jẹ́ irú ẹ́ńjìnì tí àwọn yóò ṣe bí ogun bá parí.

Kí ni ẹ́ńjìnì náà fi yàtọ̀? Ẹ́ńjìnì a máa mí gẹ́gẹ́ bí ènìyàn: yóò fa atẹ́gùn àti epo sínú, yóò sì tú èéfín jáde. Fáàfù ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé tí wọ́n sì ń gbà jáde. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnì ìgbà náà, ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ń ṣí gbogbo fáàfù. Àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń lò láti fi tì wọ́n lókè lọ́hùn-ún. Bí eré bá pọ̀, irú ìtìkúùtì bẹ́ẹ̀ a máa ṣe ségesège. Ẹ́ńjìnì tuntun yìí ní sìlíńdà 6, ó sì ní ọ̀pá méjì lórí gan-an, ọ̀kan fún fáàfù ìwọlé, ọ̀kan fún ti ìjáde. Harry Weslake, ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà, ni ó bá wọn gbẹ́ àwọn ihò inú orí ẹ́ńjìnì náà. Kì í ṣe pé a kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ọkọ̀ ìdíje àti ọkọ̀ àwọn olówó ńlá ti ń lò ó. Ohun tí ó jẹ́ ìgbójú ni pé Lyons fẹ́ ṣe é lọ́pọ̀ yanturu fún ọjà. Ó fẹ́ kí ó lágbára, ó sì tún fẹ́ kí ó dùn ún wò bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lítà 3.4 ni ìwọ̀n rẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 160. Lẹ́tà X nínú XK dúró fún ohun tí a ṣì ń dán wò.

Ọkọ̀ ńlá tí ó lè gba ẹbí ni wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnì náà dè, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ náà kò tíì délẹ̀ nígbà tí ìpàtẹ ọkọ̀ ní Earls Court, ní Lọ́ńdọ̀nù, kù sí dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn náà kò gba ìfẹ̀sọ̀ṣe. Gẹ̀ẹ́sì borí ogun, ṣùgbọ́n gbèsè borí Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba nílò dọ́là láti fi ra nǹkan lókè òkun, ìjọba kan náà ni ó sì ń pín irin fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń tà sí òkè òkun ni ó ń rí irin gbà. Ẹni tí kò bá tà á, ọwọ́ òfo ni yóò bá délé. Nítorí náà Lyons pinnu láti fi ẹ́ńjìnì náà sínú ọkọ̀ ìsáré díẹ̀, tí kò ní ju 200 lọ, kí ariwo rẹ̀ lè tàn kálẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n parí ara ọkọ̀ náà. Wọ́n gé ṣáásì ọkọ̀ ńlá kúrú, wọ́n sì gbé ara tuntun lé e. Lyons kì í ṣe ẹni tí ń ya àwòrán sórí ìwé. Bí agbẹ́gilére ni ó ń ṣe: yóò dúró ti àwọn tí ń lu páànù, yóò ní kí wọ́n tẹ ibí wọlé, kí wọ́n wú ọ̀hún jáde, títí ojú rẹ̀ yóò fi gbà á. Ní tèmi, n kò tíì rí ọkọ̀ tí ìlà ara rẹ̀ ṣàn láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ti XK120.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1948 ni wọ́n pàtẹ rẹ̀, ní £998 láìka owó orí. Èrò bò ó. Àwọn bíi 240 àkọ́kọ́ ni a fi ọwọ́ lu páànù alumíníọ̀mù wọn, tí a sì kàn án mọ́ férémù onígi. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè yá. Ní ọdún 1950 wọ́n fi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀ láti inú irin, èyí tí ó kù sì di iye tí Lyons kò lá àlá rẹ̀: kí wọ́n tó ṣíwọ́ XK120 ní ọdún 1954, wọ́n ti ṣe ju 12,000 lọ. Òkè òkun, pàápàá Amẹ́ríkà, ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ lọ. Òṣèré sinimá nì, Clark Gable, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ní in.

Àwọn ènìyàn kan kò gbà pé ọkọ̀ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè sá máìlì 120 ní wákàtí kan gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1949, ilé-iṣẹ́ náà kó àwọn oníwèé-ìròyìn lọ sí ọ̀nà títọ́ kan ní Jabbeke, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ron Sutton ni ó wà á. Nígbà tí wọ́n yọ gíláàsì iwájú kúrò, eré rẹ̀ lé ní máìlì 132, èyí tí ó ju kìlómítà 210 lọ. Lẹ́yìn náà ó tún yí padà, ó rọra kọjá lójú wọn nínú jíà kan náà tí ó fi sáré, bí ẹni tí ń gba atẹ́gùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1952, awakọ̀ mẹ́rin, tí Stirling Moss wà lára wọn, fi ọjọ́ 7 wa ọ̀kan tọ̀sán-tòru ní Montlhéry, lẹ́bàá Paris. Wọ́n rin máìlì 16,851, ìpíndọ́gba eré wọn sì lé díẹ̀ ní máìlì 100 ní wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè sáré gbọ́dọ̀ lè dúró, ibẹ̀ sì ni XK120 ti ní àbùkù. Bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ti ayé àtijọ́: igbá irin kan wà ní ẹsẹ̀ táyà, nǹkan méjì a sì máa fẹ̀ láti inú igbá náà láti dì í mú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí òkè, igbá náà a gbóná, a wú, a sì sá fún ohun tí ó fẹ́ dì í mú. Ara ọkọ̀ tí ó rẹwà tún bo táyà mọ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ráyè wọlé. Ẹwà ọkọ̀ náà gan-an ni ó ń dá bíréèkì rẹ̀ lóró.

Orí pápá ìdíje ni wọ́n ti wo àrùn yìí. Wọ́n ti fi ẹ́ńjìnì XK ṣe ọkọ̀ ìdíje fúyẹ́fúyẹ́ kan, C-type, tí Peter Walker àti Peter Whitehead fi gba ipò kìíní ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1951. Nígbà tí ó yá, àwọn àti ilé-iṣẹ́ Dunlop ṣe bíréèkì mìíràn: àwo irin pẹlẹbẹ kan ń bá táyà yí, ohun kan sì ń fún un láti ọ̀tún àti òsì bí ìgbà tí a fi ìka méjì mú nǹkan. Nítorí pé gbangba ni àwo náà wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Ní Le Mans ti ọdún 1953, Tony Rolt àti Duncan Hamilton ń sáré dé ẹnu kọ́nà kí wọ́n tó tẹ bíréèkì, nígbà tí àwọn yòókù ti ń tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè. Wọ́n borí.

Ẹni tí ó ra ọkọ̀ fún ara rẹ̀ ṣì ní láti dúró. XK140, tí ó jáde ní ọdún 1954, kò ní bíréèkì tuntun náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dáhùn àwọn ẹ̀sùn mìíràn: sítíárìn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì péye, wọ́n sún ẹ́ńjìnì síwájú ní ínǹṣì 3 kí ẹni tí ó ga lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí, bọ́ńpà rẹ̀ nípọn, agbára rẹ̀ sì di ti ẹṣin 190. Ó wúlò ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kò kàn rẹwà tó o ni.

Ní oṣù kejì ọdún 1957, iná tí kò ti ọwọ́ ọ̀tá wá jó apá kan ilé-iṣẹ́ náà ní Browns Lane lóru. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní oṣù karùn-ún ọdún náà sì ni XK150 jáde. Gíláàsì iwájú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ó tẹ̀ kọrọdọ, inú rẹ̀ fẹ̀, bíréèkì aláwo sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó sanra díẹ̀, bí ẹni tí ọjọ́ orí ń dé bá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnì lítà 3.8 sí àwọn kan ní ọdún 1959, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò lè lé e bá.

Ní oṣù kẹta ọdún 1961, E-type gba ipò rẹ̀ ní ìpàtẹ ọkọ̀ ti Geneva. Ara tuntun ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì XK ni ó ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún fi í sínú Scorpion, ọkọ̀ ogun kékeré ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, àti sínú Daimler gbọọrọ tí a fi ń gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí a sì fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́. Ọdún 1992 ni wọ́n tó ṣíwọ́ rẹ̀.