Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Bí láísẹ́ǹsì bá lọ, báwo ni awakọ̀ yóò ṣe máa rìn?

1. Kí káàdì sọnù yàtọ̀ sí kí ìjọba gbà á. Ẹni tó sọ tirẹ̀ nù yóò gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, yóò búra ní kóòtù, yóò sì bèèrè òmíràn.

2. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó (FRSC), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, máa ń ka máàkì ẹ̀ṣẹ̀ sí awakọ̀ lọ́rùn. Máàkì 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. 15 sí 20, wọ́n á dá láísẹ́ǹsì dúró fúngbà díẹ̀. 21 sókè, wọ́n á gbà á.

3. Ọ̀kadà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé òun ni ọ̀nà àbáyọ. Rárá o! Ẹni tó ń gun ọ̀kadà náà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Bó bá fẹ́ fi ọ̀kadà rìn, ẹ̀yìn ọlọ́kadà nìkan ló ṣẹ́ kù.

4. Bí àpẹẹrẹ, ará Ìkọ̀lé ní Èkìtì tí kò ní láísẹ́ǹsì mọ́, tó ń lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó lè wọkọ̀ èrò gba Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì. Kó tètè jáde, nítorí ọkọ̀ máa ń wọ́n bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Kíkó ẹrù oko le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn tó jọ ń dáko a máa dáwó gba ọkọ̀ kan lọ́jọ́ ọjà.

5. Awakọ̀ èrò ló jìyà jù, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tirẹ̀, ó lè gbé e fún dẹ́rẹ́bà tó ní láísẹ́ǹsì, kí ìyẹn máa san iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí fún un.

Ẹ bá wa pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀.