Yíyan Irúgbìn Ló Sọ Koríko Di Àgbàdo

Ṣé ẹ mọ̀ pé ara koríko ni àgbàdo ti wá? Teosinte ni wọ́n ń pe koríko náà, ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti ń hù. Hóró 5 sí 12 péré ló wà lórí ṣírí rẹ̀ kan. Èèpo líle bo hóró kọ̀ọ̀kan, tó bá sì ti gbó, á já bọ́ sílẹ̀.

Ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó sàn jù gbìn. Díẹ̀díẹ̀, àbùdá rẹ̀ yí padà: èèpo líle lọ, hóró pọ̀, kò já bọ́ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má jẹ èyí tó dára tán kí ẹ wá gbin àṣẹ́kù. Kí ẹ tó kórè, ẹ so okùn mọ́ igi àgbàdo tó lágbára, tó sì so dáadáa, láàárín oko. Òun ni kí ẹ fi ṣe irúgbìn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ háíbíríìdì, ẹ ra irúgbìn tuntun lọ́dọọdún.