Dráìfù Z Kò Sọnù: Ìlàlóye fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Tó Ń Jókòó ní Káńtà

Ohun kan ṣoṣo ló mú ká kọ ìwé yìí. Bí iná bá lọ tó sì dé, dráìfù Z á yọ àmì X pupa lójú kọ̀ǹpútà, òṣìṣẹ́ á sì sọ fún ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ pé, "Fáìlì yín ò sí, ẹ padà wá lọ́la." Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Agboyi ti san owó ọkọ̀ lásán nìyẹn, yóò sì tún san án lọ́jọ́ kejì. Nígbà òjò, tí odò Ògùn bá kún, ìyá àgbà tí ẹ ní kó padà lọ lè má rí ọkọ̀ wọ̀ wá mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Irú ìdáhùn yìí gbọ́dọ̀ dópin.

Ohun tí X pupa ń sọ

Fódà kan lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò tó ń tọ́jú fáìlì, ni dráìfù Z, a kàn fún un ní lẹ́tà kó lè rọrùn láti ṣí ni. Orí sáfà ni fáìlì àwọn ará ìlú wà, wọn ò sí nínú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín. Bí X pupa bá yọ, ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ sáfà ló dí. Fáìlì ṣì wà níbi tó wà.

Ohun méjì ló sábà ń fà á. Àkọ́kọ́, bí iná bá dé, kọ̀ǹpútà yín máa ń yára tàn ju sáfà lọ. Windows á wá dráìfù náà ní kété tí ẹ bá wọlé, kò ní rí i, á sì fi X sí i. Èkejì, sáfà Windows máa ń já kọ̀ǹpútà tí kò bá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀. Bí Microsoft ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń bá X pupa pàdé nígbà tí ẹ bá ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé.

Ẹ kílíìkì dráìfù Z lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì ní sùúrù díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ wò ó bóyá iná ti ń tàn lára sáfà àti lára switch tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀. Bó bá ti ń tàn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ jáde pẹ̀lú Sign out, kí ẹ sì tún wọlé. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ pe ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń dúró sínú ìwé rẹ́jísítà, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un pé nẹ́tíwọ́kì ni a ń dúró dè. Ẹ má sọ pé fáìlì rẹ̀ ò sí.

Ẹ má pe atúnkọ̀ǹpútàṣe láti ìta

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá jù nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń fi owó ara wọn pe àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú títì wá so dráìfù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró. Ẹ má ṣe é mọ́, bí ó ti wù kí èrò pọ̀ tó.

Àwọn wọ̀nyí sábà máa ń fi nọ́ńbà sáfà (IP address) so ó dípò orúkọ rẹ̀. Bí a kò bá ti de nọ́ńbà náà mọ́ sáfà, router lè fún un ní òmíràn lọ́jọ́ tí iná bá tún lọ. Dráìfù á já, ẹ ó sì tún pè wọ́n. Ẹlòmíràn nínú wọn á tan SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows ń gbà pín fáìlì, pé kí nẹ́tíwọ́kì lè yá. Ojú ihò SMB1 yẹn ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry gbà wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó da iṣẹ́ rú ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ England. Microsoft kò fi í sínú Windows tuntun mọ́ láìjẹ́ pé ènìyàn fúnra rẹ̀ tan án. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n á béèrè páswọ́ọ̀dù yín. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 fi dandan lé e pé kí ọ́fíìsì pa àṣírí àwọn tó fi orúkọ àti àìsàn wọn sí i lọ́wọ́ mọ́. Ẹni tó bá fún ará ìta ní páswọ́ọ̀dù ti fún un ní gbogbo fáìlì yẹn.

Bákan náà, ẹ má ṣe fi fáìlì pamọ́ sórí Desktop "títí Z á fi dé." Á di fáìlì méjì fún ẹnì kan, èyí tó wà lórí Desktop kò sì ní hàn sí káńtà kejì.

Fún ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà

Orúkọ sáfà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fàmì sí Reconnect at sign-in. Níbi tí domain bá wà, ẹ fi Drive Maps inú Group Policy ṣe é. Update ni kí ẹ yàn. Replace ń pa èyí tó wà rẹ́ kó tó ṣe tuntun. Ẹ tan Always wait for the network at computer startup and logon pẹ̀lú.

Níbi tí kò bá sí domain, ẹ kọ ìlà yìí sínú fáìlì .cmd:

net use Z: \\SAFA\FAILI /persistent:yes

Ẹ jẹ́ kí Task Scheduler máa ṣí i nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wọlé, ṣùgbọ́n kó dúró fún ìṣẹ́jú kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fàmì sí Run with highest privileges, torí dráìfù tí a bá so bẹ́ẹ̀ kì í sábà hàn nínú File Explorer òṣìṣẹ́. Inú Credential Manager ni páswọ́ọ̀dù ń gbé, kì í ṣe inú fáìlì .cmd.

Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ló ń so dráìfù, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ ará ìlú nítorí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tó ọ̀gá yín létí lọ́jọ́ náà gan-an.