Aáyán abẹ́ èèpo ìrẹsì: ẹ má ṣe fi bọ́ adìẹ

Ẹ̀yin tó ń sin adìẹ àti ẹtù ní Sakasaka ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ní àsìkò òjò yìí, ẹ fi ọwọ́ tú èèpo ìrẹsì tó wà nídìí abọ́ omi adìẹ yín. Bí ẹ bá rí aáyán dúdú tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, tó ń sá padà sábẹ́ èèpo, kì í ṣe aáyán ilé ìdáná nìyẹn. Aáyán Suriname ni. Kò nílò akọ kó tó bímọ, nítorí náà ẹyọ kan tó bá bá èèpo wọlé ti tó.

Kò lè gbẹ́ ilẹ̀ líle. Ibi tó rọ̀, tó sì tutù díẹ̀, ló ń forí tì wọ̀: èèpo ìrẹsì tó rin, ìyẹ̀ pákó tó ń jẹrà, ààtàn. Ti èèpo ẹ̀pà tilẹ̀ rọrùn fún un jù, àlàfo ti wà níbẹ̀, á kàn yọ́ wọlé ni. Ilẹ̀ tí a lù mọ́lẹ̀ dáadáa tàbí sìmẹ́ǹtì kò gbà á, àfi tó bá sán. (Lókè òkun, àwọn kan ń sin aáyán sínú àpótí bí ẹni ń sin ológbò! Àwọn náà máa ń da iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ tó tutù sílẹ̀ fún irú tó ń wọlẹ̀.)

Aáyán yìí ló ń gbé aràn ojú adìẹ. Ẹyin aràn ń ti ojú bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun, adìẹ á gbé e mì, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Aáyán á jẹ ẹ́. Lẹ́yìn bí ọjọ́ 50, bí adìẹ bá ṣa aáyán náà jẹ, aràn á gba ọ̀nà ọ̀fun gòkè lọ sójú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú á máa sun omi, á wú, ẹyẹ á máa fi ẹsẹ̀ ha á. Òmíràn á fọ́ lójú.

A kò bá ikán tí ẹ ń fi ìkòkò koríko àti ìgbẹ́ màálù mú fún ọmọ ẹtù jà. Aáyán yìí ni kí ẹ má kó fún wọn.

Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ẹyẹ lọ síbòmíràn, torí bí ẹ bá ti ń tú èèpo ni aáyán á máa sá jáde, wọ́n á sì máa ṣa á jẹ. Ẹ kó èèpo tó rin dànù síbi tí ẹyẹ kò lè dé, ẹ lu ilẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tó da èèpo gbígbẹ sí i. Ẹ gbé abọ́ omi sórí bíríkì. Ẹ má fín oògùn aáyán síbi tí adìẹ ti ń ṣa nǹkan jẹ.

Ẹyẹ tí ojú rẹ̀ ti wú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ó lè yọ aràn náà. Ẹ má kán kẹrosíìnì sí i lójú.