Ìràwọ̀ Arúgbó àti Ẹnì Kejì Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fojú inú wo omi inú ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Akodessewa nígbà tí òòrùn bá mú. Bí ẹ bá fi eyín já igun kan, tí ẹ tún já igun tó dojú kọ ọ́, tí ẹ wá fọwọ́ fún ọ̀rá náà láàárín, omi á ta jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. (Ẹ má ṣe é nínú kíláàsì o.) Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run nígbà tí ìràwọ̀ kan bá darúgbó.

Òòrùn wa yìí, ìràwọ̀ ni. Nígbà tí ìràwọ̀ tó dà bí i bá ń lo ohun tó ń jó nínú rẹ̀ tán, á wú, á pọ́n, á sì máa bọ́ awọ bí ejò. Gáàsì àti eruku tó bọ́ á tàn ká. Ohun tó kù láàárín á kéré, á gbóná kọjá àlà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì mú kí gáàsì náà máa tàn yanran. Nẹ́búlà ni à ń pè é. Ní àwọn ọdún 1780, William Herschel fi wọ́n wé pílánẹ́ẹ̀tì nítorí pé wọ́n rí róbótó nínú awò rẹ̀, ni wọ́n bá ń pè wọ́n ní nẹ́búlà oní-pílánẹ́ẹ̀tì títí dòní. Orúkọ náà kò dára lójú tèmi, nítorí wọn kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì rárá.

Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ rí róbótó. Nínú àwọn àwòrán tí awò Hubble yà, èyí tí wọ́n gbé lọ sókè ní 1990, àwọn kan dà bíi labalábá, àwọn kan dà bí ìlù gángan. Ìràwọ̀ rí róbótó. Kí ló dé tí ohun tó bọ́ lára rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀?

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹnì kejì ló fà á. Ìràwọ̀ púpọ̀ kì í dá gbé. Méjì-méjì ni wọ́n, wọ́n ń yí ara wọn ká bí ọmọ méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú tí wọ́n ń pòòyì lórí yanrìn. Bí ọ̀kan bá ń bọ́ awọ, èkejì á fa díẹ̀ nínú gáàsì náà mọ́ra. Gáàsì yìí kì í wọnú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ máa yí i ká, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Láti àárín àwo náà ni gáàsì ti ń ta jáde pẹ̀lú eré ńlá, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, tí wọ́n á sì dá ihò lu ìkùukùu tó wà níta. Igun méjèèjì ọ̀rá wa nìyẹn. Èkejì náà tún lè mú kí gáàsì pọ̀ yí wọn ká láàárín bí ìgbànú: ọwọ́ tó fún ọ̀rá nìyẹn. Nígbà mìíràn, àwo náà á máa mì bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú, ibi tí gáàsì ń ta sí á sì máa yí padà. Irú nẹ́búlà bẹ́ẹ̀ lè ní ìyẹ́ tó ju méjì lọ.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n fi àwòrán nẹ́búlà NGC 3132 tí awò James Webb yà han gbogbo ayé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ìrìn nǹkan bí ọdún 2,500 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Apá òkun wa níhìn-ín ni ó máa ń gbà kọjá lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i, áńbọ̀sì pẹ̀lú gbogbo iná èbúté. Ìràwọ̀ méjì hàn láàárín rẹ̀. Ẹ ó rò pé èyí tó mọ́lẹ̀ jù ló bọ́ awọ, àbí? Rárá o, èyí tó ń ṣe bàìbàì, tí eruku bò, ni.

Òòrùn tiwa ńkọ́? Ó ku nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 5 kí ó tó darúgbó bẹ́ẹ̀. Kò ní ìràwọ̀ kejì, nítorí náà awọ tirẹ̀ lè rí róbótó. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan ní pílánẹ́ẹ̀tì ńlá náà lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹnì kejì, wọ́n sì ṣì ń jiyàn lé e lórí.