Láti Kumasi Lọ sí Etí Òkun

Kò sí òkun ní Kumasi. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè di géńdé kó má tíì rí omi tójú ò lè rí òdì kejì rẹ̀. Torí ẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọlidé, èmi àti ìyá wọn pinnu pé ká kó wọn lọ sí Cape Coast àti Elmina. Mo ní kí ìyá mi bá wa lọ. Wọ́n ní àwọn ti rí òkun rí. Lóṣù November 1969 ni, nígbà tí wọ́n ní kí àjèjì tí ò bá níwèé àṣẹ kó jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti rí i, lọ́nà Lomé, pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ tí wọ́n rí kó. “Mi ò fẹ́ rí i mọ́.”

Ọ̀nà náà lé ní 200 kìlómítà, torí náà ẹ tètè jáde nílé. Tẹ́ ẹ bá kọjá Assin Fosu, ẹ yà ní Assin Manso. Odò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti máa ń wẹ̀ fáwọn tí wọ́n fẹ́ tà lẹ́rú kí wọ́n tó kó wọn dé etíkun. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi mí pé: “Dádì, ta ló mú wọn wá?” Ì bá rọrùn kí n di gbogbo ẹ̀ ru àwọn òyìnbó. Àmọ́ Kumasi ni wọ́n bí i sí, Twi ẹ̀ sì dán ju Yorùbá ẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé àwọn Asante wà lára àwọn tó tà wọ́n, pé àwa Yorùbá náà ta èèyàn. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Cape Coast.

Àwọn Potogí ló kọ́ odi Elmina lọ́dún 1482. Àwọn ará Netherlands gbà á lọ́dún 1637, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1872. Wọ́n á mú yín wọ yàrá tí wọ́n ń há àwọn obìnrin mọ́. Èrò tèmi ni pé kí ọmọ tí ò tíì tó ọdún méje dúró níta; ìyàwó mi dúró ti àbíkẹ́yìn wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Prempeh Kìíní ló mú àwọn méjì yòókù jù. Lọ́dún 1896, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Asantehene yìí ní Kumasi, wọ́n sì tì í mọ́ inú odi yìí kan náà, òun àtìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé wọn lọ sí Sierra Leone, wọ́n tún gbé wọn lọ sí erékùṣù Seychelles. Ọdún 1924 ló tó padà délé. Ìyá rẹ̀ ò padà wá.

“Ṣé ọba wa ni?” Ọmọ mi ọkùnrin ló béèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní òun ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, torí wọn kì í lọ sójú òkun lọ́jọ́ yẹn. Ìgbì ibẹ̀ le, ẹsẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn ọmọ kì bọ̀ ọ́. Ẹ ra kẹ́ńkẹ́ àwọn Fante, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata. Inú igbó Kakum, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni afárá tí wọ́n so mọ́ àárín àwọn igi ńláńlá wà, ibì kan sì ga tó nǹkan bí 30 mítà sílẹ̀. Ìyàwó mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó padà sídìí mọ́tò.

Àbíkẹ́yìn wa bu omi òkun sínú ike, ó ní ti Màmá ni. Nígbà tá a délé, ìyá mi ṣí i, wọ́n wò ó títí. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò. Wọ́n wá bi ọmọ náà pé ẹja wo ló jẹ.