Ṣé Ká Ra Píánò Tí A Kò Mọ Ẹni Tó Ṣe É?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú òwò píánò, wúrà àti fàdákà ni wọ́n fi ń ra orúkọ nígbà mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí ẹgbẹ́ bá dá owó jọ láti ra píánò, tí oníṣòwò sì fi èyí tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí hàn wá, kí ni ká ṣe? Owó àjọ ni. Bó bá ṣòfò, gbogbo wa la jọ pàdánù.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ṣe kọ ọjà nítorí pé orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì. Kò sí orúkọ tí kò ṣàjèjì rí. Ní ọdún 1887, ọkùnrin ará Japan kan, Torakusu Yamaha, tún dùùrù kan ṣe ní ìlú Hamamatsu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ọdún 1900 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe píánò àkọ́kọ́. Lónìí, ọmọdé tí kò rí píánò rí mọ orúkọ náà lára alùpùpù.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣe rà á nítorí pé orúkọ dùn létí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ píánò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Göttingen, ní Jámánì, ní ọdún 1795 ni Ritmüller. Ilé-iṣẹ́ àtijọ́ yẹn kò sí mọ́. Pearl River, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Guangzhou, ní Ṣáínà, ní ọdún 1956, ló ni orúkọ náà báyìí. A kò sọ pé píánò wọn kò dára o. Ohun tí à ń sọ ni pé orúkọ nìkan kò tó láti fi mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ bi oníṣòwò: Ilé-iṣẹ́ wo ló ṣe é? Níbo? Lọ́dún wo? Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, tó sábà máa ń wà lára férémù irin, ni ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fi ń wá ọdún rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i, kí ẹ wo inú. Píánò ní bíi 230 wáyà, agbára tí gbogbo wọn fi ń fa férémù náà sì tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 18. Ara àwọn ìṣó irin tí wọ́n gbá wọ inú pákó líle ni wọ́n lọ́ wáyà wọ̀nyí mọ́. Bí pákó yìí bá là, tàbí tí ìṣó bá dẹ̀, ohùn kò ní í dúró, bó ti wù kí wọ́n tún un ṣe tó. Ẹ wo pákó pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn wáyà pẹ̀lú, nítorí òun ló ń gbé ìró jáde. Ẹ wò ó bóyá wáyà ti dípẹtà, tàbí ikán ti wọ ibẹ̀. Ẹ tẹ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, funfun àti dúdú, kí 88 náà pé.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ló kù. Bí afẹ́fẹ́ bá lómi, igi a wú. Bó bá gbẹ, igi a súnkì. Níbí ní Òkè-Ọya, ẹ̀yin náà mọ bí ọyẹ́ ti ń gbẹ nǹkan tó. Píánò tó dùn nígbà òjò lè là nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Nítorí náà, àlòkù tó ti rí ọyẹ́ bíi mélòó kan níhìn-ín tí kò là ní ẹ̀rí tí tuntun kò tíì ní.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ẹni tí ń tún ohùn píánò ṣe lọ. Owó tí ẹ óò fún un kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó píánò. Ẹ bi í bóyá yóò rí ohun èèlò rẹ̀ rà bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí oníṣòwò bá kọ̀ kí wọ́n ṣí i, ẹ máa bá tiyín lọ. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá dára, ẹ rà á, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ṣàjèjì. Orúkọ kọ́ ni ìjọ yóò máa gbọ́, ohùn ni.